Èyí Tí Wọ́n Ti Dá Abẹ́ Fún

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n da ẹ̀bẹ̀ àbúrò mi nù ní Ìlú Ọba, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé irọ́ ló ń pa nípa ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó ní ìyá ọkọ òun ti kú kí òun tó wọ ilé ọkọ. Wọ́n ní nígbà tó tún yá, ó ní ìyá ọkọ òun ló gbé ọmọ òun lọ fún olóòlà. Òkú kì í gbé ọmọ lọ síbì kankan. Nítorí náà, wọn kò gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí nígbà tó kà á sí mi létí lórí fóònù. Ìgbà tí mo gbọ́ pé òun kò rẹ́rìn-ín ni mo dákẹ́. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ wa níbí pé òtítọ́ ni méjèèjì? Ìyá tó bí ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ń rákòrò. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé Ayégbajú, ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló sì jókòó sí ipò ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo wa ni a ń pè é ní ìyá ọkọ. Bí àbúrò mi bá pè é ní àbúrò bàbá ọkọ, wọn ì bá ní ó rí ìyá náà fín. Àbúrò mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ló ní òun fẹ́ fi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn kò béèrè, ẹni tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òun béèrè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ìrèlè ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ibẹ̀ ni ìyá wa ti dáko títí ó fi kú. Mo di olùkọ́, mo lọ́kọ sí Ìkọ̀lé, ọkọ mi kú, mo sì dúró síbẹ̀ ti iṣẹ́ mi. Àbúrò mi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì fẹ́ ọmọ Ayégbajú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, wọ́n ń gbé Ọ̀yẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kò sì fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ rí. Bó ṣe rí sáà ni pé tí ìyá tó tọ́ ọ bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu tirẹ̀.

Obìnrin ni àkọ́bí wọn. Nígbà tí wọ́n bí i, ìyá náà ní kí wọ́n dá abẹ́ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìdílé. Àbúrò mi ní rárá. Ó ti kọ́ nípa ewu rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ti rí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dá, ó ti rí àwọn tó ya títí dé ìdí lọ́jọ́ ìrọbí. Ìyá náà kò bá a jà. Ó kàn ní, "Ó dáa, ọmọ ò ní sá lọ." Àwa rò pé ó ti gbà.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, tí ọmọ ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní, kí ìyá náà tó ní kí wọ́n mú un wá lo ìsinmi Àjíǹde lọ́dọ̀ òun. Ayégbajú kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Àbúrò mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, inú rẹ̀ sì dùn pé ọmọ òun rí ẹgbẹ́ tí yóò bá ṣeré. Kò pẹ́ tí ọmọ débẹ̀ ni wọ́n pe bàbá rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí tọkọtaya náà dé, ọmọ wà lórí ẹní, wọ́n fi ìró méjì wé e láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti mu ìró méjèèjì.

Ilé ìwòsàn ní Ìdó ni wọ́n gbé e lọ. Mo ti Ìkọ̀lé wá bá wọn níbẹ̀. Àwọn dókítà rán ojú egbò náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ọmọ sì yè. Ohun tí mo rántí jù ni pé kò sunkún. Ó ń wo fáànù tó ń yí lókè àjà, ó sì ń bi ìyá rẹ̀ léèrè.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí gbogbo wọn fi dì mí mú?"

Àbúrò mi dìde. Ó ń tún aṣọ ibùsùn náà tẹ́, ibi tí kò wọ́ rárá ló ń nà.

Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀, èmi àti àbúrò mi lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá kan. A bá ọ̀gá kan lórí àga, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dé ìparí, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wá ní, "Ìyàwó, ṣé ìyá ọkọ yín lẹ fẹ́ kí n tì mọ́lé? Tí mo bá tì í mọ́lé, ilé wo lẹ máa padà sí lónìí?" Mo ní òfin wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Ó ní òun mọ̀ pé òfin wà. Ó ní kí a lọ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà, tí kò bá wá yanjú, kí a padà wá. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí a jáde, àbúrò mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ yín."

Bí ọmọ náà ṣe di ọmọ mi nìyẹn. Ó ń pè mí ní Mọ́mì Ìkọ̀lé, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ló ń lọ. Ìyá rẹ̀ ń wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, àbúrò mi tún lóyún, ó tún bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá náà gbé ọmọ tuntun sókè, ó sún un mọ́ra, ó ní, "Èyí náà á dàgbà, a ó ṣe ohun tó tọ́ fún un." Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo wo ojú àbúrò mi, mo rí i pé òun kò ṣe é.

Àbúrò mi tiraka títí ó fi rí àyè láti lọ kàwé sí i ní Ìlú Ọba. Bàbá ọmọ fọwọ́ sí i pé kó mú èyí kékeré dání, torí pé ọmọ náà ṣì ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lójú oorun. A jókòó, èmi àti àbúrò mi, lórí ọ̀rọ̀ èyí àgbà. Ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ti mọ́ra nílé mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí à ń bẹ̀rù kò lè tún ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Èyí kékeré ni ewu wà lórí rẹ̀. A ní tí ọ̀nà bá là, ìyá yóò ránṣẹ́ sí i. Lójú wa nígbà náà, ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n wá ni.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń parí lọ́hùn-ún nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é pé ìyá ń béèrè ọmọ. Ó ní kí wọ́n múra wálé kó tó di ìsinmi gígùn, pé ìyá ti bá ẹni tó máa ṣe é sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?" Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ẹni tó tọ́ mi?" Ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ sọ fún ìjọba ibẹ̀ pé òun ń wá ibi ìsádi, ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní àsáílọ̀mù.

N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé èèyàn kàn máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni, wọn á sì ní ó ti tó. Ó sọ fún mi pé wọ́n jókòó tì í láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán, pé wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Irú ọjọ́ wo ni? Òjò ń rọ̀ àbí oòrùn ń ràn? Àwọn mélòó ló di ọmọ mú? Báwo ló ṣe mọ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀? Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tó dé? Ó ní òun kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, pé ìwé ni òun wá kà. Ó ní bí òun ṣe ń sọ ọ́ ni òun ń gbọ́ ọ bíi pé ẹlòmíì ló ń parọ́.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n gbà pé wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ àgbà. Ìwé dókítà láti Ìdó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ti ìyá ọkọ kò bára mu. Wọ́n ní òfin orílẹ̀-èdè wa kọ̀ ọ́, nítorí náà ìjọba wa lè dáàbò bò ó. Wọ́n tún ní ó kàwé, nọ́ọ̀sì ni, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ máa gbé ìlú ńlá kan tí ará ilé ọkọ rẹ̀ kò sí. Mo ronú lórí ìyẹn títí. Mo wá ìlú ńlá kan nínú ọkàn mi tí ọmọ Ayégbajú kò sí, tí wọn kì í ṣe ìpàdé ọmọ ìlú lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, tí nọ́ọ̀sì tuntun yóò wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé ọmọ ibo ni, ìyàwó ta ni. N kò rí i.

Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n fún un ní lọ́yà kan, obìnrin òyìnbó tí ohùn rẹ̀ kéré, òun ló ń pè mí láti ìgbà náà lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìyà tí wọ́n ti fi jẹ èèyàn lè jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni èyí tó wà níwájú. Tí wọ́n bá dá wọn padà lọ́la, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn? Ṣé torí pé wọ́n jẹ́ obìnrin nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni? Ta ni yóò gbà wọ́n sílẹ̀? Ó ní àbúrò mi nìkan ló ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí. Ó ní òun nílò ẹnìkan láti ilé tó lè sọ ohun tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí lákòókò tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn yàrá àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ ń pariwo lórí pápá.

Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín. Ṣé wọ́n ṣe é fún ẹ̀yin náà?"

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Mo ti gbé ilé ọkọ, mo ti bímọ méjì, ìrọbí méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè yẹn rí. Ọkọ mi kò bi mí, agbẹ̀bí kò bi mí, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ bi, wọ́n rí i, ó sì rí bí ti gbogbo èèyàn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ rántí?"

Mo ní èmi kò rántí tèmi, ọmọ ọwọ́ ni mí. Ti àbúrò mi ni mo rántí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìrèlè. Ìyá wa jókòó sórí àpótí, ó fi apá rẹ̀ há ọmọ náà mọ́ àyà. Obìnrin tó ṣe é fọ́ ìdí ìgbín, ó kán omi rẹ̀ sójú egbò kí ó lè tutù. Ìyá wa ń kọrin fún ọmọ náà títí tó fi parí. Orin tó fi máa ń rẹ̀ wá lẹ́kún ni.

 Lọ́yà náà béèrè bóyá òun lè fi ìyẹn kún un. Mo ní kó fi kún un. Nígbà tí mo padà wọ kíláàsì, mo kọ àkọlé ẹ̀kọ́ sára pátákó, n kò rántí ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀lé e. Mo ní kí àwọn ọmọ ka ìwé wọn jẹ́ẹ́.

Ó kù kí n lọ sí Ayégbajú. Lọ́yà kò rán mi. Èmi ni mo rò pé tí mo bá máa búra lórí ohun tí obìnrin náà fẹ́ ṣe, ó yẹ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo wọ mọ́tò ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Sátidé, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń yan gààrí. Ara rẹ̀ ti ń hunjọ. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó pè mí ní àna rere, ó ní kí wọ́n gbé àga wá, ó ní kí wọ́n bu omi. Ó béèrè àlàáfíà ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi kó tó béèrè tèmi.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó. Mo ní, "Mà, ọ̀rọ̀ èyí kékeré ló gbé mi wá."

Ó ní, "Ṣé wọ́n ń bọ̀? Ulé ọmọ rèé, kí wọ́n máa bọ̀."

"Tí wọ́n bá dé, ṣé ẹ ṣì máa ṣe é?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó máa fún ọmọ lóúnjẹ. "A óò ṣe é. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣe tìrẹ. Ṣé o fẹ́ kí orí ọmọ rẹ̀ kan ibi tí wọn ò dá lọ́jọ́ ìbí, kí ọmọ kú? Ṣé o fẹ́ kí ọkọ lé e jáde?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà rí ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn, mà."

Ó fi ìgbákọ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, mo sì rí i pé ó dùn ún. Ó ní, "Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo gbààwẹ̀ títí ọmọ fi délé. Ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wúwo. Ẹlòmíì ni a ó pè báyìí, ọwọ́ tirẹ̀ fúyẹ́, Ìlógbò ló ń gbé. N ò jẹ́ gbé ọmọ mi fún ẹni tó máa pa á."

N kò lè pa á mọ́ fún un. Mo sọ fún un pé wọn yóò bi mí lọ́hùn-ún, pé ohun tó sọ yìí ni n ó sọ.

Ó ní, "Sọ ọ́. Kí ni mo jí? Ọmọ mi ni mo ní mo fẹ́ tọ́jú."

Kí n tó lọ, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún àpò kan, ó ní kí n gbé e fún ọmọ. Mo gbé e dání nínú mọ́tò láti Ayégbajú títí dé Ìkọ̀lé. Mo ti wá ẹni ibi lọ síbẹ̀, ẹni tí mo rí ni obìnrin kan tó fẹ́ràn ọmọ, tí ìfẹ́ náà kò sì ní jẹ́ kó sinmi. Ì bá rọrùn fún mi jù ká ní ìkà ni.

Mo lọ búra ní kóòtù ní Ìkọ̀lé. Mo sọ ti ìyá ọkọ méjì, ẹni tó bí i àti ẹni tó tọ́ ọ, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ kan náà fi bá àwọn méjèèjì mu lẹ́nu wa. Mo sọ ti tẹ́ṣàn. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ nídìí ààrò gààrí. Akọ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Nígbà tó dé ibi tí mo ti sọ tara mi, ó dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè, ó sì tún ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, àbúrò mi ní adájọ́ náà kì í ṣe ẹni líle. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó mu omi. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í léèrè pé aṣọ wo ni ọmọ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rántí. Ó ní òun wo orí tábìlì, òun wá aṣọ náà nínú ọkàn òun, òun kò rí i, ìró tí ẹ̀jẹ̀ mu nìkan ni òun ń rí. Agbẹjọ́rò náà bi í pé ìyá wo ni kì í mọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Ògbufọ̀ tuntun ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà, obìnrin àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ apá ibí. Adájọ́ bi í bóyá òótọ́ ni pé èèyàn lè pe obìnrin méjì ní ìyá ọkọ. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ òun láti jẹ́rìí, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú èdè nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló pè mí, mo ti ń múra fún ohun tó burú. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n gbà á." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó ní adájọ́ kọ ọ́ pé ewu tó wà lórí ọmọ kékeré dájú, pé tí wọ́n bá dá a padà wọ́n á ṣe é fún un, pé ìyá rẹ̀ kò lè dá wọn dúró, kò sì sí ibi tó lè fi í pamọ́ sí. Wọ́n gba òun àti ọmọ. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a jẹun tán, ó béèrè bóyá òun náà wà nínú rẹ̀. Ó ti di ọmọge, ó ti ga jù mí lọ. Mo ní kò tíì sí, pé ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, pé ìyá rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láìpẹ́.

Ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tọ̀?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ohun tí wọ́n ń wò ni ẹ̀rù tó wà níwájú. Mo ń gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, "Ṣé torí pé wọ́n ti ṣe tèmi ni?"

 Ọmọ náà kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, mo wà níbi tí mo jókòó sí, mo rántí bí èmi àti ìyá rẹ̀ ṣe sọ ohun kan náà lọ́jọ́ tí à ń pinnu ẹni tó máa lọ. Adájọ́ kò ṣe ju bí àwa ti ṣe lọ.

Bàbá rẹ̀ wá sí Ìkọ̀lé lẹ́yìn tí ìròyìn kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti sọ wá di ẹni tó ń pa ọmọ níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá." Mo ní ohun tí mo rí ni mo sọ. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìyá kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tó gbọ́ pé ọmọ kékeré kò ní wálé mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sí i kí èyí àgbà lè lọ bá ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Méjì ni mo bí. Ọ̀kan ti lọ." Ó dìde, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ní kó máa ka ìwé rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Kò sin ín dé ọ̀nà.

Lọ́yà ń sapá. Ó ní wọ́n lè gba ọ̀nà mìíràn láìsí ìfọwọ́sí bàbá, àmọ́ ó máa pẹ́. Ọdún tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa pé méjìdínlógún, lẹ́yìn ìyẹn wọn kò ní kà á sí ọmọdé mọ́. Àbúrò mi kò lè wálé wá wò ó, torí pé ẹni tó ní òun ń sá fún ilé kò gbọdọ̀ tún padà síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èyí kékeré ti gbàgbé Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì bíi ti wọn ni ó ń sọ, èyí àgbà kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n kàn máa ń wo ara wọn lójú fóònù, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀, ìyá wọn á máa dá sọ̀rọ̀ láàárín wọn.

Àìkú tó kọjá, ìkùukùu ti ṣú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n parí. A kó iṣu sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan tuntun. Ó ní rárá. Ó fi fóònù sórí tábìlì, ó ní, "Mọ́mì Ìkọ̀lé, ẹ jẹ́ ká lọ gbé iṣu wọlé kí òjò tó dé." A jáde, a ń gbé e wọlé.